Ìbò Wọ́ọ̀dù àti Ti Ìpínlẹ̀ Ni Ọ̀ràn Wa Wà



Nígbà tí Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, wàjà ní oṣù keje ọdún 2025, ìlànà ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni a fi sin ín. Ariwo sọ láàárín wa. Púpọ̀ nínú wa kọ ọ̀rọ̀ kíkorò, a sì ń bèèrè ẹni tí ó fún wọn láṣẹ. Ìdáhùn rẹ̀ kò farasin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ni gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn ti fọwọ́ sí òfin tí ó fàyè gbà á pé kí a sin ọba ní ìlànà ẹ̀sìn tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ni ó ṣe òfin ọ̀hún, àwọn aṣòfin tí ó sì wà níbẹ̀ kò ju 26 lọ. Ìbò ọjọ́ 9, oṣù kẹta ọdún 2019 ni ó gbé wọn débẹ̀. N kò sọ èyí láti tàbùkù ọba tí ó ti wàjà. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé, ní ọjọ́ tí a ń yan àwọn 26 yẹn, níbo ni àwa wà?

A ti sọ ara wa di ẹni tí ń dìbò lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́rin, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ààrẹ. A ó jí ní ìdájí, a ó tò sínú oòrùn títí di ìrọ̀lẹ́. Ní ọdún 2023, ọjọ́ 25, oṣù kejì ni ti ààrẹ. Ọjọ́ 18, oṣù kẹta ni ti gómìnà àti ti aṣòfin ìpínlẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ìtara ti tán lára ọ̀pọ̀ nínú wa. Ti ìjọba ìbílẹ̀ ni a kì í tilẹ̀ dárúkọ. Ní àdúgbò tèmi, ní ọjọ́ tí a dìbò alága àti káńsẹ́lọ̀, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì nítorí pé ọkọ̀ kò rìn. Àwọn òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò jókòó sábẹ́ ibòòji, wọ́n ń retí ènìyàn. Ìyá àgbà kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ni mo bá níbẹ̀. Nínú gbogbo àwa tí a máa ń pàdé ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, èmi nìkan ni mo rí.

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ẹ wo ohun tí ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kó lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ọjà wà níbẹ̀, ilẹ̀ ìsìnkú wà níbẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun, ti òkú àti ti ìgbéyàwó wà níbẹ̀. Sísọ òpópónà lórúkọ wà níbẹ̀, títí kan ipa nínú ètò ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jókòó nínú ìpàdé wa rí yóò mọ̀ pé ẹ̀dùn ọkàn wa gan-an ni mo ń kà yìí. Tọkọtaya tí babaláwo so pọ̀ ń wá ibi tí wọn yóò ti gba ìwé ẹ̀rí. Òpópónà tí ń jẹ́ orúkọ òrìṣà láti ayébáyé jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó bá orúkọ mìíràn lára ògiri. Wọ́n tún ọjà kọ́, ibi tí ojúbọ Èṣù wà di ṣọ́ọ̀bù. Ta ni ẹ rò pé ó ń buwọ́ lu irú nǹkan báwọ̀nyí? Kì í ṣe ààrẹ.

Ti ìpínlẹ̀ wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni òfin oyè jíjẹ wà. Gómìnà ni ó ń gbé ọ̀pá àṣẹ fún ọba. Ìsinmi Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe tí inú wa dùn sí ní ọdún 2023, ìjọba Èkó, Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ ni ó kéde rẹ̀. Ohun tí gómìnà kan sì fi ẹnu kéde, gómìnà mìíràn lè dákẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ má wí pé ó di ọdún mìíràn kí ìbò tó dé. Èkìtì dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Ọ̀yọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ní ọjọ́ 16, oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Ògùn ń yan alága àti káńsẹ́lọ̀, Oǹdó sì ń yan gómìnà. Ní ọdún 2025, Oǹdó, Ọ̀ṣun àti Èkó dìbò ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn. Kò sí ọdún tí ìbò kì í kan ilẹ̀ wa.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé a kò pọ̀ tó, kí ó rántí Ọ̀ṣun. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, lẹ́yìn àtúndì ìbò, ìbò 482 ni Gbóyèga Oyètọ́lá fi borí Adémọ́lá Adélékè. Àwọn tí ń tẹ̀ lé Arugbá lọ sí odò Ọ̀ṣun ní ọjọ́ kan ṣoṣo pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ẹgbẹ́ gómìnà ni í kó gbogbo ipò ìjọba ìbílẹ̀, nítorí pé gómìnà ni ó yan àjọ tí ń ṣètò rẹ̀. N kò ní jiyàn. Ojú wa ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, inú ìdìbò abẹ́nú ẹgbẹ́ ni ìjà náà wà, níbi tí ènìyàn díẹ̀ péré ti ń fa káńsẹ́lọ̀ kalẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù. Kí ni ó dé tí a kò sí lára wọn? Láti ọjọ́ 11, oṣù keje ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ìmúṣẹ rẹ̀ ń falẹ̀, àmọ́ ẹni tí a bá yàn ni yóò di owó náà mú.

Èyí tí ó ń yà mí lẹ́nu jù ni àwọn àgbà wa tí ń sọ pé òṣèlú ń tani lẹ́rọ̀fọ̀. Ògbóni ńkọ́? Òṣùgbó ńkọ́? Àwọn ni wọ́n ń bá ọba ṣèlú láyé àtijọ́. Ìgbà wo ni ó di èèwọ̀ wa?

Ní ìpàdé òpin oṣù yìí, n ó bẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan pé kí ó mú káàdì ìdìbò rẹ̀ dání, kí ó sì dárúkọ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ̀. Èmi náà ní láti wádìí orúkọ ti tèmi kí n tó jókòó kọ èyí. N kò mọ̀ ọ́n.