Kábúkábú Ojú Ọ̀run

Ní gáréèjì Ìlaró, ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n: mọ́tò tí nọ́ńbà rẹ̀ pupa ló ń kérò, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ búlúù, ti ẹni tó ni ín ni. Oní-búlúù tó bá ń kérò gbowó, kábúkábú ló ń ṣe. Bí ọwọ́ òfin bá tẹ̀ ẹ́, wọn á gbé mọ́tò, á sì sanwó ìtanràn.

Ẹ wá gbójú sókè. Ẹ mú Hawker 800, bàálù tí kò kéré, tí kò sì tóbi, tó ń gba èèyàn bíi mẹ́jọ. Tó bá jẹ́ ìwé àṣẹ àdáni ni wọ́n gbà lórí rẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ fi kérò gbowó. Ẹni tó fẹ́ fi ṣe ṣátà gbọ́dọ̀ gba ìwé mìíràn, tí àyẹ̀wò rẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú, dá ìwé àṣẹ àdáni mẹ́wàá dúró torí ọ̀rọ̀ ṣátà yìí. Mẹ́wàá! Àwọn oníròyìn ní "ṣátà tí kò bófin mu". Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá kò mọ orúkọ mìíràn fún un ju kábúkábú lọ, àfi tí owó bá ń yí orúkọ padà.

Èyí tó tún dùn wá jù nìyí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè pa, àṣẹ jáde pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni o! Ní Ìdí-Ìrókò, ní Ìpókíà, onífàyàwọ́ àti ìyá tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata jọ jẹ ìyà kan náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí kọ́sítọ́ọ̀mù fẹ́ mọ àwọn bàálù àdáni tó wọlé láìsí ìwé tó péye, wọ́n fún àwọn olówó ní oṣù kan gbáko, láti ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2024, kí wọ́n fara balẹ̀ kó ìwé wá sí Àbújá. Wọ́n tún sún ọjọ́ náà síwájú fún wọn.

Ẹnìkan á ní bàálù wọ̀nyí ń gbé aláìsàn. Òótọ́ ni. Ẹni tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kó lè háyà bàálù fún aláìsàn ńkọ́? Tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ilé iṣẹ́ adójútòfò lè ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí.

Kí wọ́n kun àmì pupa gàdàgbà sí ìrù gbogbo bàálù tó ní ìwé ṣátà. Èyí tí kò bá ní in, tó sì ń gbowó, kí wọ́n gbé e bí wọ́n ṣe ń gbé mọ́tò kábúkábú, lọ́jọ́ náà gan-an.