Ẹ Ṣí Yàrá Kọ̀ǹpútà, Fódà Ni Kí Ẹ Tì

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí àgádágodo ti wà lẹ́nu yàrá kọ̀ǹpútà wa, gbogbo wa la sì mọ ohun tó fà á. Ewúrẹ́ ni. Àwòrán ewúrẹ́ tó dé fìlà ló yọ sójú kọ̀ǹpútà iwájú láàárọ̀ Mọ́ńdè, bí tísà wa ṣe tàn án tán, níwájú gbogbo SS2. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní parọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, gbogbo wa ti wà lórí pápá, à ń gé koríko. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti ti yàrá náà.

Mi ò mọ ẹni tó ṣe é. Ká tiẹ̀ ní mo mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ara ògiri yìí ni màá kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìyà náà kò kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé ọmọ náà jí páásìwọ́ọ̀dù tísà. Kò jí nǹkan kan o. Kò tiẹ̀ nílò rẹ̀.

Oríṣi àkáǹtì méjì ló wà lórí kọ̀ǹpútà iwájú yẹn, tí àwa àti tísà jọ ń lò. Ọ̀kan ni tiwa, tí a fi ń ṣí nǹkan lò lásán. Èkejì ni ti ọ̀gá, tí wọ́n ń pè ní Administrator. Òun ló lè fi púrógíráàmù tuntun sí i, òun ló lè dá àkáǹtì sílẹ̀ tàbí kó pa á rẹ́, òun náà ló lè ṣí ibi tí máàkì C.A. wa wà. Fáìlì kọ̀ọ̀kan sì ní àṣẹ tirẹ̀ lára: ta ló lè kà á, ta ló lè yí i padà, ta ló lè mú un ṣiṣẹ́.

Púrógíráàmù tí a fi ń dánra wò fún JAMB wà nínú fódà kan tí wọ́n dá sórí C: gan-an. Fódà tó bá wà níbẹ̀, Windows máa ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ti wọlé sórí kọ̀ǹpútà náà yí ohun inú rẹ̀ padà, àfi bí ènìyàn bá dìídì tún àṣẹ rẹ̀ ṣe. Púrógíráàmù yìí kan náà ló sì máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí tísà bá ti wọlé pẹ̀lú àkáǹtì ọ̀gá. Ṣé ẹ ti ń rí i? Ọmọ tí kò ní àṣẹ kankan pààrọ̀ fáìlì kan lọ́jọ́ Fúráìdè. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ mú fáìlì náà ṣiṣẹ́, pẹ̀lú gbogbo agbára ọ̀gá.

Ẹ rántí àrokò tí àwọn ọba máa ń fi ránṣẹ́ síra wọn láyé àtijọ́. Ká ní ìránṣẹ́ kan ń gbé àrokò láti Ọ̀yẹ́ lọ sí Ìdó, ó wá gbé e kalẹ̀ sí etí odò, ó sùn lọ. Ẹni tó bá yọ owó ẹyọ kan kúrò nínú rẹ̀ kò dé ààfin, kò sì rí ọba sójú. Síbẹ̀, bí wọ́n bá tú ẹrù náà ní Ìdó, ọ̀rọ̀ ọba ni wọ́n máa pè é.

Ewúrẹ́ ni wọ́n fi ṣeré lọ́tẹ̀ yìí. Fáìlì tó lè gbé ewúrẹ́ jáde lè dá àkáǹtì ọ̀gá mìíràn sílẹ̀ láìpariwo, ó sì lè sọ 48 di 84. Ẹni tó máa jìyà rẹ̀ jù ni ẹni tó fi òógùn ojú rẹ̀ gba 84. Ta ló máa gbà á gbọ́ mọ́?

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1962, ní MIT lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jọ ń lo kọ̀ǹpútà kan, wákàtí tí wọ́n pín fún oníkálukú sì níye. Ti Allan Scherr, tó ń kàwé níbẹ̀, kò tó o. Ó rí i pé ènìyàn lè fi káàdì béèrè pé kí wọ́n tẹ fáìlì jáde sórí bébà, kí ẹnikẹ́ni má sì bi í pé ta ló ni ín. Fáìlì páásìwọ́ọ̀dù gbogbo ènìyàn ló béèrè. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún un! Òun fúnra rẹ̀ ló wá jẹ́wọ́ nígbà tó yá.

Àwọn tó ṣe Windows gan-an kò sì gbẹ́yìn. Ní July 2021, wọ́n rí i pé nínú Windows 10, láti ẹ̀dà 1809 wá, àkáǹtì kékeré lásán lè ka fáìlì kan tó ń jẹ́ SAM. Inú rẹ̀ ni páásìwọ́ọ̀dù gbogbo àkáǹtì wà, lẹ́yìn tí wọ́n ti rin ín bí ẹni rin ẹ̀gẹ́. (Gàrí kò lè di ẹ̀gẹ́ mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ní sùúrù lè máa rin oríṣiríṣi ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ títí ọ̀kan yóò fi bá a mu.) Microsoft tún un ṣe ní August ọdún náà. Wọ́n tún ní kí a pa àwọn ẹ̀dà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà ti fi pamọ́ rẹ́, torí pé àṣẹ tó bàjẹ́ ṣì wà lára ìyẹn.

Mi ò gbè sẹ́yìn ẹni tó gbé ewúrẹ́ síbẹ̀ o. Orílẹ̀-èdè yìí ní òfin lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà láti 2015, kò sì sí ẹni tó máa fi í ṣàwàdà níwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n títì tí wọ́n ti yàrá pa, ta ló ń jẹ níyà? Láti 2015 ni JAMB ti ń fi kọ̀ǹpútà nìkan ṣe ìdánwò UTME. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé WAEC àti NECO náà ń bọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù nílé kò ní ìṣòro. Ẹni tó ń ti abúlé gun ọ̀kadà wá sílé-ìwé láràárọ̀, yàrá yẹn nìkan ló ní. SS3 kan sọ fún mi pé owó ọ̀kadà òun ni òun fi ń sanwó káfè báyìí, òun wá ń fẹsẹ̀ rìn délé.

Tísà wa, ẹ má bínú, mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ti sọ ọ́ rí ní kíláàsì, pé bí ẹ bá ti fódà náà pa, púrógíráàmù kò ní lè kọ máàkì sílẹ̀. Òótọ́ ni, bí máàkì àti púrógíráàmù bá jọ wà lójú kan náà. Ẹ gbé púrógíráàmù lọ sínú Program Files, níbi tí àwa ti lè lò ó tí a kò lè yí i padà. Ẹ dá fódà mìíràn fún máàkì ìdánrawò nìkan. Kí C.A. má sí lórí kọ̀ǹpútà tí àwa ń lò rárá. Kí ẹ sì fi àkáǹtì ọ̀gá sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan tuntun sí i, kí ẹ máa fi àkáǹtì lásán kọ́ wa. Kò gba kọ́bọ̀. Bí ó bá sì le, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní FUOYE wà ní Ìkọ̀lé níbẹ̀ yẹn, a lè bẹ̀ wọ́n.

Èmi àti ọmọ Press Club méjì ti sọ fún tísà wa pé a máa dúró lẹ́yìn ìwé lọ́jọ́ Fúráìdè. Òun ló máa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, àwa ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní òun máa bá píríńsípà sọ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà ní ọ́fíìsì.