Wọ́n ti pín àga ìgbìmọ̀ tán. Ta ni mẹ́ẹ̀rì yóò máa jíhìn fún?

Ìbò kọ̀múùnù tí a dì ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 2020 ti kọjá. Èsì rẹ̀ ti jáde, wọ́n sì ti fi àwọn mẹ́ẹ̀rì jẹ káàkiri kọ̀múùnù 77 tó wà nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ní Koko níbí, bí ẹ bá jókòó lọ́jà tàbí nídìí àwọn onízémì, ẹ kò ní gbọ́ kí wọ́n máa ka iye àga tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé àwa tí a tò sórí ìlà, tí a fi ìbòmú bo imú, tí a tẹ ìka, kí ló kù tó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ìbéèrè náà tọ́ sí wa. Èsì tí wọ́n kà nìkan kò lè dáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹ́ òṣèlú márùn-ún ló jáde: Union Progressiste, Bloc Républicain, FCBE, PRD àti UDBN. Àga 1.815 ni wọ́n ń dù ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Union Progressiste gba 820, Bloc Républicain gba 735, FCBE sì gba 260. PRD àti UDBN kò rí ẹyọ kan mú. Ẹgbẹ́ méjì àkọ́kọ́ yìí ló wà lẹ́yìn Patrice Talon, tó jẹ́ Ààrẹ nígbà náà, nítorí náà, nínú àga 1.815, 1.555 ló wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ti ìjọba lẹ́yìn. FCBE nìkan ló ṣẹ́kù nígbà náà tó ń pe ara rẹ̀ ní alátakò, òun náà sì ti pàdánù Ààrẹ àná, Boni Yayi, tó kúrò nínú rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, nígbà tí ìbò ku díẹ̀.

Nínú èèyàn 100 tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò, nǹkan bíi 49 ló jáde. Àwọn kan sọ pé ó kéré. Ó kéré lóòótọ́, àmọ́ ẹ rántí ìbò àwọn aṣòfin ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, nígbà tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ méjì péré ni wọ́n gbà láàyè, tó jẹ́ pé nǹkan bíi 27 nínú 100 ló jáde. Àwọn èèyàn tún padà wá síbi àpótí díẹ̀, pẹ̀lú àrùn kòrónà tó wà nílẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn sún ìbò ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ tó yẹ kó wáyé ní oṣù Karùn-ún síwájú fún odidi ọdún kan. Àwọn ará Faransé dìbò ìpele kìíní ní oṣù Kẹta, wọ́n sì dá ìpele kejì dúró di ìparí oṣù Kẹfà. Àwa ò dúró. A kò ní sọ pé ẹni tó jókòó sílé nítorí ẹ̀rù àrùn ṣe àṣìṣe.

Ohun kan wà tí àrùn náà gbà lọ́wọ́ wa tí àwọn èèyàn kò sọ tó. Kò sí ìpàdé gbangba. Orí rédíò àti orí fóònù ni wọ́n ti polongo ìbò. Ìbò kọ̀múùnù kò rí bí ìbò Ààrẹ. Nínú ìbò kọ̀múùnù, olùdíje gbọ́dọ̀ wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú àwọn àgbà, kí ìyálọ́jà bi í léèrè ọ̀rọ̀ owó ìpàtẹ, kí àgbẹ̀ bi í léèrè ọ̀nà oko, kí ojú rẹ̀ sì máa yí bí ó ti ń dáhùn. Rédíò kì í gbọ́ ìbéèrè. Nítorí náà, àwọn tó wọlé ní ọdún 2020 wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gba ìlérí kan lọ́wọ́ wọn lójúkojú. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ PRD, nítorí bí kò tilẹ̀ kan Bantẹ̀ tàbí Savalou tààrà lónìí, ó lè kàn wá lọ́la. Òfin ìdìbò tí wọ́n ṣe ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 sọ pé ẹgbẹ́ tí kò bá rí ìbò 10 nínú 100 ní gbogbo orílẹ̀-èdè kò ní rí àga kankan ní kọ̀múùnù kankan. Nígbà náà, Àjàṣẹ́ ti jẹ́ odi PRD láti ìgbà pípẹ́. Ẹni tó bá dìbò fún PRD ní àdúgbò rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, pẹ̀lú gbogbo ará ilé rẹ̀ àti gbogbo ará àdúgbò rẹ̀, ìbò wọn di òfo nítorí pé àwọn ará Natitingou àti Kandi kò dìbò fún ẹgbẹ́ náà. Bí a bá ro ìbò PRD àti ti UDBN pọ̀, nǹkan bíi 8 nínú 100 ni. Ìbò àwọn èèyàn wọ̀nyẹn kò gbé ẹnikẹ́ni wọ ìgbìmọ̀ kankan. Àga tí ìbò wọn ìbá gbà, àwọn mẹ́ta tó kù ló pín in.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní àwọn tó ń ta gàrí lọ́jà Koko yan ẹni tí yóò máa ṣe olórí wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ ìwà rẹ̀, gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i. Ẹnì kan wá ti Kútọnu dé, ó ní kò lè jẹ, nítorí pé àwọn oníyọ̀ ní Grand-Popo kò mọ ẹgbẹ́ tí obìnrin náà wà. Ta ni yóò gbà bẹ́ẹ̀? Ohun tí òfin náà ṣe nìyẹn. Ìbò tí a ń pè ní ti ìbílẹ̀ ti di ti gbogbo orílẹ̀-èdè.

Àwọn tó ṣe òfin náà ní ìdí tiwọn, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Wọ́n ní ẹgbẹ́ òṣèlú ti pọ̀ jù nílẹ̀ wa, ó ju ọgọ́rùn-ún méjì lọ nígbà kan, òmíràn nínú wọn kò ju bàbá kan, àwọn àbúrò rẹ̀ àti òǹtẹ̀ rẹ̀ lọ. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tí yóò bá ṣèjọba gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ níbi gbogbo. A gbà fún ìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Fún kọ̀múùnù, a ò gbà. Ẹni tí yóò bójú tó kànga Koko kò nílò kí wọ́n mọ̀ ọ́n ní Malanville. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n bá ń dìbò ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀, orúkọ ẹni ni wọ́n ń dìbò fún ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ló wọlé, bí kò tilẹ̀ sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Ní tiwa, ẹni tí ẹgbẹ́ kò bá fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò lè jáde rárá, ì báà jẹ́ pé gbogbo abúlé ló ń pè é.

Èyí tó wá dùn wá jù lọ ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìbò. Kí ìbò tó wáyé, ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ni yóò jókòó ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tí wọn yóò sì dìbò yan mẹ́ẹ̀rì láàárín ara wọn. Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é láti ìgbà ìbò kọ̀múùnù àkọ́kọ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2002. A dìbò ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún lórí ìmọ̀ yẹn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún péré lẹ́yìn náà, àwọn aṣòfin jókòó ní Àjàṣẹ́, wọ́n yí òfin náà padà. Nísinsìnyí, ẹgbẹ́ tó bá ní àga tó ju ìdajì lọ nínú ìgbìmọ̀ ni yóò mú orúkọ mẹ́ẹ̀rì àti ti àwọn igbákejì rẹ̀ wá. Bí kò bá sí ẹgbẹ́ tó ní ju ìdajì lọ, kí àwọn ẹgbẹ́ bá ara wọn ṣe àdéhùn.

Àwọn wo ló ṣe òfin yìí? Aṣòfin 83, tó jẹ́ pé 47 nínú wọn jẹ́ ti Union Progressiste, 36 sì jẹ́ ti Bloc Républicain. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé náà nígbà náà. Àwọn ẹgbẹ́ méjì tó ti mọ iye àga tí àwọn ní ló ṣe òfin nípa bí wọn yóò ṣe lò ó. Bí ọmọdé bá ń ta ayò, tó rí i pé òun ti fẹ́ jẹ, tó wá ní kí a yí òfin ayò padà, a ó sọ fún un pé kó parí eléyìí ná, kó di ọ̀la.

A kò sọ pé òfin àtijọ́ dára. Ó níbi tó ti ń yọ́ jó. A ti rí kọ̀múùnù tí wọ́n yan mẹ́ẹ̀rì ní òwúrọ̀ ọdún tí wọ́n sì yọ ọ́ kí ọdún tó parí. A ti gbọ́ ti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tí wọ́n kó lọ pamọ́ sí òtẹ́ẹ̀lì kí ẹlòmíràn má baà fi owó rà wọ́n. Mẹ́ẹ̀rì tí ẹ̀rù yíyọ ń bà kì í ṣiṣẹ́. Owó kọ̀múùnù ló fi ń tu àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ lójú. Bí òfin tuntun yìí bá mú ìfọ̀kànbalẹ̀ wá, yóò dára. Ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ni pé mẹ́ẹ̀rì tí ẹgbẹ́ fi síbẹ̀ mọ̀ pé ẹgbẹ́ ló lè yọ òun. Bí àwọn ará Koko bá ń bínú sí i, tí àwọn olórí ẹgbẹ́ ní Kútọnu sì ń rẹ́rìn-ín sí i, ẹ mọ ibi tí yóò kọjú sí.

Ìdí nìyí tí a fi ní ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Kọ̀múùnù Bantẹ̀ ní àróńdísímáǹ mẹ́sàn-án: Agoua, Akpassi, Atokoligbé, Bantẹ̀ fúnra rẹ̀, Bobè, Gouka, Koko, Lougba àti Pira. Ní ìkànìyàn ọdún 2013, àwọn ará kọ̀múùnù yìí ti ju 100.000 lọ. Savalou tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní àróńdísímáǹ 14, èèyàn ibẹ̀ sì ju 140.000 lọ. Òfin fi ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn kékeré, ọjà, ìmọ́tótó, omi àti ọ̀nà abúlé sí abẹ́ kọ̀múùnù. Owó tó ń wọlé kì í ṣe owó ìpàtẹ ọjà nìkan. Ní ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ ń fi owó ránṣẹ́ láti inú àpò FADeC. Owó wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó. Àwọn tó bá jókòó sórí àga wọ̀nyí ni yóò sọ bóyá Koko ni yóò kan lọ́dún yìí tàbí Pira.

Oṣù Kẹfà la wà yìí. Ẹni tó bá ní oko kajú tàbí oko iṣu mọ ohun tí òjò ń ṣe sí ọ̀nà oko lásìkò yìí. Kajú tilẹ̀ já wálẹ̀ ní ọdún 2020 nítorí kòrónà. Àwọn tó ń rà á fún ilẹ̀ Íńdíà àti Vietnam kò yára wá. Bí ọ̀nà bá tún bàjẹ́, tí ọkọ̀ kò lè wọlé, ẹni tó bá fi alùpùpù gbé àpò kan jáde ni yóò dá owó náà san, yóò sì ta á ní iye tí olùrà bá pè. Obìnrin tó ń san owó ìpàtẹ ní gbogbo ọjọ́ ọjà ń wo ìsọ̀ tí kò ní òrùlé lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò mọ Union Progressiste yàtọ̀ sí FCBE.

Èmi tó ń kọ èyí, nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ ìròyìn, wọ́n kọ́ wa pé ìròyìn ìbò parí nígbà tí o bá ti kọ iye ìbò sílẹ̀ tó o sì pe àwọn tó wọlé lórúkọ. Mo gbà á nígbà náà. Mi ò gbà á mọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìlérí tí wọn kò ṣe. Òfin kọ̀múùnù sọ pé ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ìjókòó náà sì jẹ́ ti gbangba. Ẹnikẹ́ni lè wọlé jókòó kó máa gbọ́. Ìwọ̀nba èèyàn ló mọ̀, àwọn tó mọ̀ kì í sì í lọ, nítorí pé wọn kì í kéde ọjọ́ rẹ̀ títí tí yóò fi kọjá. Ohun tí a ń bẹ̀ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tí Koko rán lọ ni pé kí wọ́n ní kí akéde lu agogo ní ọjọ́ ọjà tó bá ṣáájú ìjókòó kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ara ilé àróńdísímáǹ. Nígbà tí wọ́n bá dé láti Bantẹ̀, kí wọ́n dúró lọ́jà, kí wọ́n sọ iye owó ìpàtẹ tó wọlé ní Koko àti iye rẹ̀ tó padà sí Koko. Èyí kò nílò òfin tuntun, kò sì nílò ìyọ̀ǹda ẹgbẹ́.

A tún ń rọ àwọn obìnrin ọjà. Àwọn obìnrin tó wà nínú ìgbìmọ̀ wọ̀nyí ní gbogbo orílẹ̀-èdè kò pọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ obìnrin ni owó ọjà ti ń wá. Bí ẹ ò bá rí àga nínú, ẹ wá àga tó wà fún àwọn tó wá gbọ́. Ẹ jẹ́ kí mẹ́wàá nínú yín gba ọkọ̀ kan ṣoṣo lọ sí Bantẹ̀, kí ẹ jókòó síwájú. Ẹni tó bá rò pé wọ́n ṣe àìtọ́ nínú èsì ìbò fúnra rẹ̀, Kọ́ọ̀tù Gíga Jù Lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní Cour suprême, ló ń gbọ́ ẹjọ́ ìbò kọ̀múùnù, kì í ṣe Cour constitutionnelle. Àkókò rẹ̀ kì í pẹ́, ẹ má jókòó tì í.

Ní ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ Bantẹ̀ bá tún jókòó, a ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ohun tí wọ́n bá sọ nípa ọ̀nà Koko, ẹ óò kà á lójú ìwé yìí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́.