Ẹ Wò Ó Kí Wọ́n Tó Rẹ́ Ẹ

Apá ìwọ̀-oòrùn Èkìtì kò kẹ̀rẹ̀ nínú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe. Láti Ìjerò dé Arámọkọ, títí kan Ẹ̀fọ̀n Aláayè, gbọ̀ngàn ìlú, yàrá ìkàwé, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àti kànga ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ ìlú dáwó jọ ṣe kì í ṣe kékeré. Ọ̀nà yìí náà ni ètò ìdàgbàsókè ìlú tí wọ́n pè ní CSDP, tí owó Báńkì Àgbáyé wà nínú rẹ̀, gbà nígbà tiẹ̀: ìlú fúnra rẹ̀ ló yan iṣẹ́ tó fẹ́, ó dá 10 nínú 100 owó iṣẹ́ náà, ó sì yan ìgbìmọ̀ tó bójú tó o. Owó nìkan kọ́ ni ìṣòro wa. Ojú tí a fi ń wo iṣẹ́ ló dín.

Ọjọ́ ìṣíde ni a máa ń wò ó. Kábíyèsí á jókòó, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú l'Ékòó àti Ìlú Ọba á rán aṣojú, ọ̀dà á máa dán, wọ́n á gé ríbọ́nù. Kí ló kù láti rí lọ́jọ́ náà? Ìpìlẹ̀ ti wọlẹ̀, kọnkéré ti gbé irin mì, wọ́n ti rẹ́ ògiri bo bílọ́ọ̀kù. A kò ní ilé alájà 21 bí èyí tó wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, tó pa ju ènìyàn 40 lọ. Ṣùgbọ́n òrùlé yàrá ìkàwé kan ṣoṣo tó láti pa ọmọ iléèwé.

W. Edwards Deming, ará Amẹ́ríkà tó lọ dá àwọn oníléeṣẹ́ Jàpáànù lẹ́kọ̀ọ́ ní 1950, tẹnu mọ́ ọn pé àyẹ̀wò ìkẹyìn kò lè sọ ọjà burúkú di rere. Láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni a ti ń fi dídára sí i. Agbọ́nbíofẹ́ Adéṣínà, ọ̀gá agbẹ́gilére tó gbẹ́ òpó ààfin Ẹ̀fọ̀n, ti kú ní 1945, kò dúró de Deming. Kò sí agbẹ́gilére tí í gbẹ́ òpó tán kó tó béèrè bóyá ikán fẹ́ràn igi náà.

Nítorí náà, ìwé ni kó kọ́kọ́ wà. “Ẹ bá wa kọ́ gbọ̀ngàn tó dáa” kì í ṣe àdéhùn. Báwo ni ìpìlẹ̀ yóò ṣe jìn tó? Irin mílímítà mélòó ni yóò wà nínú òpó, ọ̀pá mélòó? Sìmẹ́ǹtì wo? Ní 2014, àjọ SON tó ń mójú tó ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà là á kalẹ̀ pé rírẹ́ ògiri ni sìmẹ́ǹtì 32.5 wà fún, 42.5 ni kí a fi gé bílọ́ọ̀kù, kí a sì fi da òpó àti dẹ́kìn. Nọ́ńbà yìí wà lára àpò. Ìgbìmọ̀ wa mọ bí a ṣe ń ka iye àpò. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n máa ka ara àpò náà.

Ẹ wá yan ẹni tó mọ iṣẹ́, tí kì í ṣe agbaṣẹ́ṣe, tí kì í sì í ṣe ẹbí rẹ̀, kó máa wò ó. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dà rú. “Ọmọ wa náà ni, ẹ jẹ́ kó rí nǹkan jẹ.” Bí ẹnì kan bá béèrè pé pánù yanrìn mélòó ni wọ́n pò mọ́ àpò sìmẹ́ǹtì kan, àgbà kan á ní kó má fi ìyẹn lọ̀ ọ́. Ìbéèrè kì í ṣe èébú. Ọmọ ìlú tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ni yóò gbè, torí ẹ̀rí rẹ̀ á wà nínú ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ bà á lórúkọ jẹ́.

Ẹni náà kò gbọdọ̀ ṣaláì sí níbẹ̀ kí wọ́n tó bo ìpìlẹ̀, nígbà tí wọ́n bá di irin tán, àti nígbà tí wọ́n bá ń po kọnkéré. Bíríkìlà tó ń da omi kún un kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn, agbára ilé ló ń bù kù. Lẹ́yìn tó bá sì ti dì tán ni omi wúlò: ẹ máa wọ́n ọn fún ọjọ́ 7, ó kéré tán, pàápàá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Yanrìn náà ń fẹ́ ojú. Ilẹ̀ Ìjerò ní kaolin, amọ̀ funfun tó ń mówó wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀tá ni amọ̀ nínú yanrìn ìkọ́lé. Ẹ bu yanrìn sínú ìgò tó mọ́ gaara, ẹ da omi sí i, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á wà nísàlẹ̀, amọ̀ á dúró lórí rẹ̀. Bí ti amọ̀ náà bá nípọn, kí típà gbé ẹrù rẹ̀ padà.

Ní Ẹ̀fọ̀n tó wà láàárín òkè, òjò kì í gba àwáwí. Gọ́tà tí wọn kò wọn ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀gbàrá á fò ó, á sì máa jẹ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ. Nítorí èyí, ẹ má san owó tán lọ́jọ́ ìṣíde. Kí ó wà nínú àdéhùn pé 5 tàbí 10 nínú 100 yóò dúró sí ọwọ́ ìlú títí òjò ọdún kan yóò fi rọ̀ sórí iṣẹ́ náà. Ìjọba ń ṣe é fún àwọn agbaṣẹ́ṣe ńlá. Ẹni tó bá ní òun kò gbà, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ láti òkèèrè, fídíò ọ̀dà tuntun kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ ní kí wọ́n na téèpù sára irin nígbà tó ṣì hàn síta, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ kí kọnkéré tó bò ó. Bí fọ́tò yẹn kò bá tíì dé, kí owó ìpele tó kàn ṣì wà lọ́wọ́ yín.