Ojú Ọ̀run Kò Gba Rédíò Bí Ó Ti Gba Ẹyẹ

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n rédíò kì í ṣe ẹyẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìyá mi.

Elùbọ́ ni ìyá mi ń tà ní Ìbàdàn. Rédíò kékeré kan wà lórí àpótí ní ìsọ̀ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ FM ti ìlú tí a bí i sí ni ó sì máa ń gbọ́, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde òkú àti ìnáwó àwọn ará ilé. Nígbà tí ó yá, ilé-iṣẹ́ mìíràn tí òpó rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà ra ẹ̀rọ titun tí agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Gbogbo ènìyàn ń yọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ti ìlú ìyá mi bá sọ gbólóhùn kan, orin ti ìtòsí á já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe kéde ìsìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ìgbà èwe, tí kò gbọ́. Ìgbà tí wọ́n sin òkú tán ni ẹnì kan wá kí i lọ́jà pé, "Màmá, a ò rí yín níbi ìsìnkú o." Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó pè mí, ó ní, "Tíṣà, ìwọ tí o mọ̀wé, ta ni ó gba ohùn náà mọ́ mi lọ́wọ́?"

N kò lè dáhùn. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí wádìí.

Láàrin 87.5 sí 108 ni àyè tí gbogbo ilé-iṣẹ́ FM ilẹ̀ wa ń pín. Ohùn kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ àyè bíi 0.2. Ilẹ̀ oko tí ó lópin ni. Ní 1994, nígbà tí Ray Power bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, tí ó jẹ́ rédíò aládàáni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, àlà kò tíì fún tó ti òní.

FM tún ní ìwà kan. Bí ohùn méjì bá pàdé ní ojú kan náà, rédíò AM a máa gbé méjèèjì pọ̀, tàbí kí ó máa súfèé. FM kì í ṣe bẹ́ẹ̀: èyí tí ó lágbára jù ni ó ń mú, a sì gbé èkejì mì. Rédíò olówó pọ́ọ́kú kò sì mọ àlà dáadáa. Ohùn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ a máa wọlé bí onílé. Mo gbé ìkànnì ìyá mi sórí rédíò ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní ọjà kan náà, ó mọ́ gaara. Nítorí náà, rédíò ìyá mi jẹ nínú ẹ̀bi náà.

Ṣùgbọ́n èyí kò dá aládùúgbò láre pátápátá. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá sọ agbára ẹ̀rọ rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, ìgbì rẹ̀ yóò kàn le ní ìlọ́po méjì péré. Ìgbì FM sì ń rìn tààrà bí ìmọ́lẹ̀, òkè a máa dí i. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, òpó tí ó ga ní 100 mítà yóò mú ohùn dé nǹkan bí 40 kìlómítà. Ẹni tí ó bá fẹ́ 80, àfi kí òpó rẹ̀ ga tó 400. Ẹni tí kò bá gbé òpó sókè, tí ó kàn ń fi agbára kún agbára, ìrìn ohùn rẹ̀ kò ní pọ̀ tó bí ó ti rò. Àwọn tí ó wà nítòsí ni yóò di létí.

Ẹ̀yin ọlọ́jà àti ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, èkíní, ẹ kọ́kọ́ yí rédíò sí ìhà mìíràn, kí ẹ sì dín irin orí rẹ̀ kù. Nítòsí òpó ńlá, irin gígùn lè mú ọ̀ràn burú sí i. Èkejì, ẹ dán rédíò mìíràn wò níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, bí kò bá yí padà, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, ìkànnì àti àdúgbò sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ méjèèjì àti sí àjọ NBC, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1992 láti máa fún wọn ní ìwé àṣẹ. Ẹnu tí kò sọ̀rọ̀ kò ní ẹjọ́. Ẹ̀yin onílé-iṣẹ́ rédíò náà, kí ẹ tó fi kún agbára, ẹ rán ènìyàn lọ sí ọjà pẹ̀lú irú rédíò tí àwọn ìyá wa ń lò.

Mo ti ra rédíò mìíràn fún ìyá mi. Ó ń gbọ́ ìlú rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò bá a tún ìsìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe.

Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.