Wáàtì Orí Páálí Kọ́ Ló Ń Kọrin

Púpọ̀ nínú owó tí a fi ń ra ẹ̀rọ orin lóde òní, orí páálí ló ń bá lọ. Wọ́n á kọ wáàtì 1000 gàdàgbà sí i lára, wọ́n á fi PMPO (agbára tí wọ́n ní ẹ̀rọ lè gbé jáde fún ìṣẹ́jú akàn péré) tì í lẹ́yìn, oníbàárà á sì gbà pé bí agbára ẹ̀rọ náà ṣe tó nìyẹn. Àmọ́ ẹ yí i padà, kí ẹ wo ibi tí wáyà iná ti wọlé. Ẹ ó rí iye iná tó ń fà níbẹ̀, ó sì lè má ju wáàtì 40 lọ. Ohun tí ẹ̀rọ ò gbà wọlé, kò lè máa gbé e jáde. Ìdí rèé tí mo fi gbà pé ẹni tí owó rẹ̀ ò pọ̀ máa jèrè jù lórí amplifáyà tòkunbọ̀ ti àwọn ọdún 1970 àti 1980, bó bá ṣáà ti mọ ohun tó yẹ kó tún ṣe lára rẹ̀ àti ohun tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn.

Òfin ló wà lẹ́yìn iye tí wọ́n kọ sára àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn. Ní 1974, àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé wáàtì tí amplifáyà lè gbé jáde láìdẹwọ́ ni kí ilé-iṣẹ́ máa polówó, kí wọ́n sì sọ bí ohùn ṣe ń dàrú tó níbẹ̀. Pioneer, Sansui àti Yamaha ti Japan ní láti tẹ̀ lé e, torí ọjà ńlá ni Amẹ́ríkà jẹ́ fún wọn. NAD 3020 tó jáde ní 1978, wáàtì 20 péré ni wọ́n kọ fún ìhà kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ àwọn tó mọ ohùn ṣì ń yìn ín dòní. Wáàtì 20 tó pálọ̀ dáadáa. Bí wáàtì bá di ìlọ́po méjì, dẹ̀síbẹ̀lì 3 péré ló fi ń lé sí i. Kí etí tó gbọ́ ọ bíi pé ariwo di méjì, wáàtì gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá.

Lóòótọ́, ọjọ́ ogbó ń bá ẹ̀rọ jà. Omi inú kapásítọ̀ máa ń gbẹ, ooru sì ń mú kó tètè gbẹ; sípíkà á wá máa kùn hùn-ùn láìsí orin, bọ́tìnnì tí a fi ń yí ohùn sókè á máa ha. Ibẹ̀ ni kí owó àtúnṣe lọ: kapásítọ̀ tuntun tó lè fara da ooru 105°C, tí iye microfarad rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu, tí fólítì rẹ̀ ò sì dín, àti oògùn tí wọ́n ń fín sínú bọ́tìnnì láti fi fọ̀ ọ́. Ohun tí kò yẹ ni kí oníṣẹ́ rédíò máa fi tíráńsítọ̀ ńlá pààrọ̀ èyí tó wà níbẹ̀ nítorí kó lè pariwo sí i. Tiransifọ́mà ló ń bọ́ tíráńsítọ̀. Bí òun ò bá yí padà, agbára ò lè lé. Ayédèrú tíráńsítọ̀ bíi 2SC5200 àti 2SA1943 sì pọ̀ níta. Lẹ́yìn àtúnṣe, kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ gba iná ẹ̀rọ náà kọjá lára gílóòbù àtijọ́ oní-wáàtì 60. Bí gílóòbù bá tàn yòò tí kò wálẹ̀, wáyà kan ti kanra nínú ẹ̀rọ náà. Bó bá tàn díẹ̀ tó sì rọlẹ̀, ó ṣeé ṣe kó dára.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ àtijọ́ ń jẹ iná, pé amplifáyà Class D ìgbàlódé kéré, kì í sì gbóná. Òótọ́ ni, mi ò sì ní bá ẹni tó ń fi sólà gbọ́ orin jiyàn: ìyẹn gan-an ló bá a mu. Ádápútà rẹ̀ ni kó wò, nítorí ádápútà fólítì 24 tó ń gbé áńpìà 4, wáàtì 96 ló mọ, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí páálí. Àwọn mìíràn á ní tòkunbọ̀ léwu. Ewu tó tóbi jù níbẹ̀ ṣeé yẹra fún: èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ń lo fólítì 120, ti Japan ń lo 100, iná tiwa sì jẹ́ 230. Ẹni tó bá kì í bọná tààrà, èéfín ló máa rí. Nítorí náà, kí ẹ tó ná ọjà ní Alaba, ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kí ẹ mú èyí tó ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí Yúróòpù wá, tàbí èyí tó ní ibi tí a ti ń yí fólítì, kí ẹ sì ní kí wọ́n tàn án lójú yín.

Amplifáyà àti àtúnṣe rẹ̀ ò gbọdọ̀ gbà ju ìdajì owó lọ. Sípíkà ló ni ìyókù, torí òun ni ìyàtọ̀ rẹ̀ máa ń hàn sí etí jù. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ṣeé so mọ́ ojú ihò AUX. Bí àwa oníbàárà bá sì ń béèrè iye iná tí ẹ̀rọ ń fà dípò iye tí wọ́n kọ sí páálí, àwọn tó ń kó ọjà wọlé ò ní í rí ẹni ta irọ́ fún mọ́.