Ẹnu Kan Ló Ń Rojọ́, Etí Ta Ló Ń Gbọ́ Ọ?

Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe náà kò pe òpùrọ́ ní òṣìkà, kò sì pe olè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jókòó gbọ́ tẹnu ẹnì kan, tó sì dìde dá ẹjọ́, òun ló fi jẹ oyè yẹn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ grand jury ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n ń pè jọ láti wò ó bóyá kí wọ́n fẹ̀sùn kan ẹnì kan, fi máa ń rú Yorùbá tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lójú. Nínú yàrá tí wọ́n ń jókòó sí ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, kò sí adájọ́. Afurasí kò sí níbẹ̀, àfi bí wọ́n bá pè é wá jẹ́rìí, agbẹjọ́rò rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ bá a wọlé. Agbẹjọ́rò ìjọba ló ń kó ẹlẹ́rìí wá, òun ló ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, òun náà ló ń ṣàlàyé ohun tí òfin wí. Ní 1992, nínú ẹjọ́ United States v. Williams, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tilẹ̀ sọ pé bí ẹ̀rí tó lè gbe afurasí bá wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò ìjọba, kò sí dandan fún un láti gbé e síwájú wọn. Ẹnu kan ṣoṣo ló ń rojọ́ níbẹ̀, àṣírí sì ni ohun tó bá wáyé nínú yàrá náà.

Èsì kan wà tí àwọn tó ń gbèjà ètò yìí máa ń fún ni kíákíá: grand jury kì í dá ẹjọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó wò ó bóyá ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ dé iwájú adájọ́. Àtúnṣe Karùn-ún sí ìwé òfin Amẹ́ríkà, tó ti wà láti 1791, ló ní kí ìjọba àpapọ̀ má fẹ̀sùn ọ̀ràn ńlá kan ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé grand jury kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Bó bá di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, ẹnu kejì á sọ tirẹ̀, àwọn júrì mìíràn ni yóò sì gbọ́ ọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀ràn ńlá kàn lè ti pàdánù iṣẹ́ àti orúkọ rere kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bí adájọ́ bá ní kó wà látìmọ́lé di ìgbà ìgbẹ́jọ́, ìyà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìkà tí òwe wa ń bá wí lè ṣẹlẹ̀ kí ìdájọ́ tó wáyé. Ó yẹ ká bi òwe náà léèrè, nígbà náà, ohun tó sọ agbẹ́jọ́ ẹnì kan di òṣìkà. Pé ohun tó gbọ́ kò tó wà lára rẹ̀, àmọ́ èyí tó burú níbẹ̀ ni pé ẹni tó rojọ́ fún un mọ ilé rẹ̀, ó mọ ohun tó fẹ́ràn, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kóun dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣáájú ẹnìkejì. Ẹnu ló wá etí tó wù ú lọ. Bí òfin kò bá wá lè mú ẹnu kejì wọ yàrá yẹn, ọ̀nà kan ló kù: kí ẹnu tó ń rojọ́ má lọ́wọ́ nínú yíyan etí tó ń gbọ́. Ìyẹn ni mo fi sọ pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yan àwọn tó ń gba ìwé ìpè ilé ẹjọ́ ló ń gba grand jury lọ́wọ́ òwe yìí, òun nìkan náà sì ni.

Òfin tó ń darí yíyàn yìí ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ jáde ní 1968. Ó ní kí wọ́n ṣẹ́ kèké mú àwọn tí wọ́n máa pè, kí onírúurú èèyàn tó ń gbé ní àyíká ilé ẹjọ́ náà sì wà nínú wọn. Inú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ìyẹn ò bá ti kó gbogbo èèyàn pọ̀ tó, wọ́n á fi orúkọ láti ibòmíì kún un, irú bí orúkọ àwọn tó ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Wọ́n á da orúkọ wọ̀nyí sínú ohun tí òfin ṣì ń pè ní àgbá bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣiṣẹ́ àgbá nísinsìnyí, wọn ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó ju ọdún mẹ́rin lọ kí wọ́n tó dà á nù kí wọ́n tún un kó. Ẹni tí kèké bá mú á kọ́kọ́ gba fọ́ọ̀mù. Ṣé ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni ọ́? Ṣé o ti pé ọmọ ọdún 18? Ṣé o ti lo ọdún kan ní ẹkùn yìí? Ṣé o lè ka èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí o kọ ọ́, kí o sì gbọ́ ọ débi tí wàá fi kọ fọ́ọ̀mù yìí? Ṣé ẹ̀sùn ọ̀ràn tí ìjìyà rẹ̀ ju ẹ̀wọ̀n ọdún kan lọ wà lọ́rùn rẹ, àbí wọ́n ti dá ọ lẹ́bi irú rẹ̀ rí? Wọ́n á dá sójà, ọlọ́pàá, panápaná àtàwọn tó wà nípò ìjọba sí. Nínú orúkọ tó bá kù ni wọ́n á tún ti ṣẹ́ kèké, àwọn tó bá sì jáde níbẹ̀ ni ìwé ìpè ń lọ bá. Èèyàn 16 sí 23 ló ń jókòó, wọ́n lè wà lẹ́nu rẹ̀ fún oṣù 18, ó sì di ìgbà tí èèyàn 12 bá fohùn ṣọ̀kan kí ẹ̀sùn tó lè jáde. Kò síbi tí fọ́ọ̀mù náà ti béèrè ẹni tó mọ̀ ọ́, tàbí ẹni tó rán ọ wá.

Yorùbá kan lè ní àṣìṣe gan-an nìyẹn. Ta ló ń ṣẹ́ kèké yan àgbà tó máa gbọ́ ẹjọ́? Ṣé kò dára kí wọ́n wá àwọn ọlọ́gbọ́n tí gbogbo ìlú mọ̀ sí olóòótọ́? Amẹ́ríkà ti gbìyànjú ìyẹn wò, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó jáwọ́. Ṣáájú 1968, ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ló máa ń ní kí àwọn sàràkí ìlú mú orúkọ wá. Ní ìpínlẹ̀ Texas, adájọ́ á yan àwọn kọmíṣọ́nnà díẹ̀, àwọn náà á sì lọ wá àwọn tí wọ́n kà sí ọmọlúàbí. Ẹjọ́ Castaneda v. Partida, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ní 1977, tú ohun tó ti ibẹ̀ jáde síta. Ní káúńtì Hidalgo, lẹ́bàá ẹnubodè Mẹ́síkò, àwọn tó ní ìran Mẹ́síkò tó ìdá 79 nínú 100, ṣùgbọ́n láàárín ọdún 11, ìdá 39 péré ni wọ́n jẹ́ nínú àwọn tí wọ́n pè fún grand jury. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé mẹ́ta nínú kọmíṣọ́nnà márùn-ún tó ṣètò grand jury ẹjọ́ náà ń jẹ́ orúkọ àwọn ará Mẹ́síkò. Kò pọn dandan kí wọ́n kórìíra ara wọn. Bí wọ́n bá ní kí sàràkí mú ọmọlúàbí wá, ojú àwọn tó mọ̀ ló kọ́kọ́ ń wò, àwọn tó sì mọ̀ kò jìnnà sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Di 2015 ni Texas tó pa ètò náà rẹ́. Ní ti ọgbọ́n, ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ grand jury kò gba ọgbọ́n amòfin: ṣé ohun tí ẹlẹ́rìí yìí sọ ṣeé gbà gbọ́ débi tó fi yẹ kí ẹni yìí lọ jẹ́jọ́? Àwọn tó jókòó lè bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè. Obìnrin tó ti ń tajà fún 20 ọdún mọ bí irọ́ ṣe ń dún.

Àtakò tó gbajúmọ̀ jù ti ẹnu Sol Wachtler wá ní 1985, nígbà tó jẹ́ olórí adájọ́ ìpínlẹ̀ New York. Ó ní bó bá wu agbẹjọ́rò ìjọba, ó lè mú kí grand jury fẹ̀sùn kan búrẹ́dì tí wọ́n ki ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí láàárín. Kò fi bẹ́ẹ̀ parọ́, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n máa ń fọwọ́ sí ohun tí ìjọba bá gbé wá. Àmọ́ ní oṣù August 2025, ní Washington tó jẹ́ olú-ìlú, ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fẹ̀sùn ọ̀ràn ńlá kan ọkùnrin kan tó ju búrẹ́dì lu agbófinró ìjọba àpapọ̀. (Bẹ́ẹ̀ ni, búrẹ́dì tí wọ́n ki nǹkan sí láàárín ni.) Grand jury kọ̀ jálẹ̀. Ìjọba wá sọ ẹ̀sùn náà di kékeré, irú èyí tí kò nílò grand jury, nígbà tó sì dé iwájú júrì ní November, wọ́n dá a sílẹ̀. Mi ò sọ pé wọ́n tọ̀nà tàbí wọn ò tọ̀nà. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ará ìlú lásán, tí kèké mú, gbọ́ tẹnu ìjọba nìkan, wọ́n sì sọ pé rárá. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tó gbé ẹ̀sùn náà wá ló yàn wọ́n, ìyẹn ì bá má wáyé. Agbẹjọ́rò tó bá sì mọ̀ pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀ á tún ẹjọ́ rẹ̀ yẹ̀ wò kó tó gbé e lọ, ó sì ṣeé ṣe kí ìyẹn wà lára ìdí tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí ọ̀pọ̀ jù nínú èyí tó bá débẹ̀.

Èyí tí mi ò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn ni ti àwọn tó ní kèké fúnra rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dọ́gba. Orúkọ ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lè má dé inú àgbá. Ẹni tó ń kó láti ilé kan sí òmíràn torí owó ilé, ìwé ìpè rẹ̀ ń lọ síbi tí kò sí mọ́. 50 dọ́là ni wọ́n ń san lóòjọ́, òfin ò sì gbà kí agbaniṣíṣẹ́ lé ẹni tó lọ jókòó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ta ni òfin yẹn fẹ́ dáàbò bò lára awakọ̀ tàbí onídìrí tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn èèyàn wa tó wà ní Houston àti Maryland. Yorùbá tó ti búra di ọmọ Amẹ́ríkà, tó sì forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, lè ti wà nínú àgbá. Ẹni tí káàdì ìgbélùú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà lè gba fọ́ọ̀mù bí orúkọ rẹ̀ bá ti ìwé àṣẹ ìwakọ̀ wọlé. Kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè, kó sì dá a padà, dípò kó sọ ọ́ nù. Ẹni tó bá kọ etí ikún sí ìpè láìní ìdí lè san owó ìtanràn tó tó 1,000 dọ́là, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n ọjọ́ mẹ́ta. Ibẹ̀ ni àwọn gbájú-ẹ̀ ń gbà wọlé: wọ́n á tẹ èèyàn láago pé kó sanwó kí ọlọ́pàá má bàa wá mú un. Ilé ẹjọ́ kì í gba irú owó bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Ní ti àìdọ́gba yẹn, ojútùú rẹ̀ kì í ṣe pé ká padà sọ́dọ̀ sàràkí. Àwọn ẹkùn kan ti ń fi orúkọ àwọn tó ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àti káàdì ìdánimọ̀ ìpínlẹ̀ kún ìwé olùdìbò, àwọn mìíràn ò kọjá ìwé olùdìbò nìkan. Bí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà bá tún fẹ́ jiyàn lórí grand jury, orí ìwé orúkọ wọ̀nyẹn ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.